Ọmọ Ọlọ Ìyá Àgbà Lórí Àpáta Ọ̀kà

Àwọn tó ń ṣe ọ̀nà ti fi ọ̀dà pupa sàmì sí àpáta náà kí n tó débẹ̀. Bí mo ṣe rí àmì ọ̀hún, inú bí mi, mo bẹ̀rẹ̀, mo fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún. Kò nù. Ọ̀dà ti gbẹ. Ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀nà ń wò mí láti abẹ́ igi, ó ń jẹ orógbó.

Òmìnira kò tíì dé nígbà náà. Ìjọba ní ẹ̀ka kan tó ń tọ́jú ohun àtijọ́, ibẹ̀ ni wọ́n gbà mí sí bí mo ṣe jáde ilé ìwé. Iṣẹ́ wa ni ká wọn ilẹ̀, ká gbẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀, ká jọ eruku rẹ̀, ká wá ohun tí àwọn tó gbé ibẹ̀ rí fi sílẹ̀. Iṣẹ́ náà kò ní orúkọ lẹ́nu àwọn ará ilé wa. Bàbá mi ní Ìkàrẹ́ kọ́kọ́ rò pé wolé-wolé ni mo dà. Nígbà tó wá rí àpáàdì nínú àpò mi, ó béèrè lọ́wọ́ ìyá mi bóyá nítorí èyí lòun ṣe ta kòkó rán mi ní ilé ìwé.

Òkè Ọ̀kà ni wọ́n rán mi lọ. Àwọn ará Ọ̀kà kan gbé orí òkè náà láyé ogun, kí àlàáfíà tó dé, tí wọ́n fi sọ̀kalẹ̀ wá síbi tí ilé wọn wà di òní. Ìjọba fẹ́ fa ààlà yí ibẹ̀ ká, kí ẹnikẹ́ni má dáko níbẹ̀ mọ́, kí ẹnikẹ́ni má kọ́lé, kí aráyé lè máa wá wò ó. Ògiri òkúta ṣì wà níbẹ̀, ihò àpáta tí wọ́n ń sá pamọ́ sí wà níbẹ̀. Ọ̀gá mi, òyìnbó gíga kan tó tẹ́ẹ́rẹ́, ti fọwọ́ sí gbogbo ìyẹn. Àpáta kan ṣoṣo ló kù tí kò fọwọ́ sí. Ìsàlẹ̀ òkè ló wà, lẹ́bàá ibi tí ọ̀nà tuntun láti Ìkàrẹ́ máa gbà. Orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ihò kéékèèké tó jìn bí àwo ọbẹ̀ sì wà lórí rẹ̀ káàkiri.

Ojú ọlọ ni àwọn ihò náà. Ìyá tó bí ìyá mi, ọmọ Ọ̀kà ni, láti kékeré ni mo sì ti ń gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ pé ibẹ̀ ni àwọn obìnrin ilé wọn ti ń lọ ọkà bàbà. Òun pàápàá lọ ọkà níbẹ̀ nígbà tó jẹ́ ìyàwó tuntun. Ṣùgbọ́n ọ̀gá mi kúnlẹ̀, ó fi ìka rẹ̀ yí inú ọ̀kan po, ó ní omi ló gbẹ́ ẹ. Ó ní òjò tó ń kán sójú kan láti ayébáyé lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo sọ fún un ohun tí ìyá mi àgbà sọ. Ó ní ìtàn náà dùn, àmọ́ òun kò lè fi ìtàn ìyá àgbà bá àwọn tó ń ṣe ọ̀nà jà. Kí n fi òkúta tí ọwọ́ ènìyàn fi lọ nǹkan níbẹ̀ han òun, òun á fa ààlà yí àpáta náà ká. Bí n kò bá rí i, kí àwọn tó nílò òkúta fọ́ òkúta wọn. Ó wọ jíìpù rẹ̀, ó kọrí sí apá Ifira níbi tó tún ní iṣẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ fọ́ àpáta ló máa padà.

Báyìí ni mo ṣe di ẹni tó ń bá òòlù sáré. Ọ̀gá òṣìṣẹ́ ọ̀nà yẹn, ará Ìkàrẹ́ ni, àdúgbò kan náà ni òun àti bàbá mi. N kò ní purọ́ mọ́ ọn, kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ọ̀nà ni iṣẹ́ rẹ̀, òjò sì ti ṣú. Bàbá Àpáàdì ló ń pè mí. Láràárọ̀, bí mo bá ti gun kẹ̀kẹ́ dé, á na ẹsẹ̀ lórí àpáta, á ní, “Bàbá Àpáàdì, o ò tíì rí eegun babańlá ẹ?” Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ tó wá láti Àjọwá àti Arigidi á rẹ́rìn-ín, wọ́n á tún fi èdè tiwọn fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lé e. Ìyẹn ló ń bí mi nínú jù, torí n kò mọ ohun tí wọ́n sọ tí mi ò bá fi dá wọn lóhùn. Tí wọ́n bá rẹ́rìn-ín tán, wọ́n á gbé irin gbọọrọ, wọ́n á máa fi òòlù lù ú wọ inú àpáta. Ihò tí wọ́n máa rọ ẹ̀tù sí ni wọ́n ń lu yẹn. Gbogbo ìró òòlù wọn ń bọ́ sí mi láyà.

Mo gbẹ́lẹ̀ sí ẹsẹ̀ àpáta náà. Mo kan èèkàn, mo ta okùn, mo ń fi irin pẹlẹbẹ tí bíríkìlà fi ń rẹ́ ògiri họ ilẹ̀ ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Mo ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a, mo ń fi ajọ̀ jọ eruku rẹ̀. Iṣẹ́ tí kò mọ ìkánjú ni. Àpáàdì ni mo ń rí, àti èédú, mo sì mọ̀ pé ọ̀gá mi á ní àgbàrá ló wọ́ wọn wá láti òkè. Ọmọ ọlọ ni mo ń wá, òkúta tí obìnrin ń dì mú tó fi ń lọ nǹkan. Ó yà mí lẹ́nu pé ojú ọlọ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lórí àpáta, n kò sì rí ọmọ ọlọ kan ṣoṣo nílẹ̀ níbi gbogbo.

Oòrùn ti mú ní ọjọ́ kan nígbà tí mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́yìn mi. Àwọn obìnrin àgbàlagbà ni, ìyá mi àgbà ló ṣáájú. Láti ìgbà tí orúnkún ti ń dà á láàmú, n kò rí i kó rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n kí mi kú iṣẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀ nínú eruku. Lẹ́yìn náà wọ́n jókòó sí etí ihò tí mo gbẹ́, wọ́n ju ẹsẹ̀ sínú rẹ̀.

Mo sún sí ọ̀tún. Wọ́n sún ẹsẹ̀ sí ọ̀tún. Mo sún sí òsì, wọ́n bá mi débẹ̀.

“Yèyé,” mo sọ fún ìyá mi àgbà, “ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ ni mò ń ṣe.”

“Mo rí i. Máa ṣe uṣẹ́ ẹ.”

“Ẹsẹ̀ yín wà níbi tí mo fẹ́ gbẹ́.”

“Mo mọ̀,” ó ní.

Àwọn tó ń lu àpáta dáwọ́ dúró, wọ́n ń wò wá. Ọ̀gá wọn pàápàá kò jẹ orógbó mọ́. Mo rò pé wọ́n máa rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. A jókòó bẹ́ẹ̀ títí oòrùn fi yẹ̀ lórí wa, èmi pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, àwọn pẹ̀lú ẹsẹ̀ wọn nínú ilẹ̀. Nígbà tó yá ìyá mi àgbà dìde, ó ní kí n tẹ̀lé òun re ulé.

Nígbà tá a délé, ó kọ́kọ́ jókòó sídìí ọlọ, ó ń lọ ata tí a máa jẹ. Kò sí ohun tó fi ń yangàn láyé yìí ju ata rẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ tó ń lọ ata ti dé ọjà Ìkàrẹ́ nígbà náà, ìyá mi sì ń gbé ata lọ síbẹ̀, ìyá àgbà kì í fẹnu kan ọbẹ̀ náà. Ó ní epo ẹ̀rọ ń rùn nínú rẹ̀, ata ọ̀hún ò sì kúnná. Ọmọ ọlọ tó ń lò dúdú, ó ń dán, ìdí rẹ̀ rí roboto bí ìdí igbá. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló fún un. Ó lọ ata náà tán kó tó bá mi sọ̀rọ̀.

“Nígbà tá a fẹ́ sọ̀kalẹ̀,” ó ní, “obìnrin kan ò lè gbé àpáta. Ọmọ ọlọ nìkan la gbé. Tí obìnrin bá wá kú, àwọn ọmọ rẹ̀ á gbé ọmọ ọlọ rẹ̀ padà síbẹ̀, wọ́n á gbé e lé ojú ọlọ rẹ̀, wọ́n á ní, ‘Ó tó, o ti lọ̀ ọ́ tán.’ Wọ́n á wá sin ín sí ẹsẹ̀ àpáta, ní ìdojúdé. Ti ìyá mi ń bẹ níbẹ̀. Ti ìyá ọkọ mi ń bẹ níbẹ̀. Ibi tí ò ń họ yẹn, ó kù díẹ̀ kó o kàn wọ́n.”

Ó ní ẹni tó bá hú u, ó ń pe ẹni tó ti sinmi padà sẹ́nu iṣẹ́ ni. Bí ọmọ ọlọ obìnrin bá ti padà sórí àpáta, ọwọ́ rẹ̀ ò gbọdọ̀ kan ọlọ mọ́ láéláé. Ó sọ ti obìnrin kan fún mi tó bá orogún rẹ̀ jà, tó sì fi ìbínú gbé tirẹ̀ padà lójú ayé rẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, inú rẹ̀ rọ̀, ó fẹ́ lọ ata, kò sẹ́ni tó gbà fún un. Ọwọ́ ọlọ́wọ́ ló ń wò títí ó fi kú, bí wọ́n bá ṣe lọ ata fún un náà ló ń jẹ ẹ́.

Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, ìbínú sì gbé mi. Mo ní, “Yèyé, tí wọ́n bá fọ́ àpáta yẹn, tàwọn ìyá yín náà máa fọ́ mọ́ ọn. Ẹyọ kan péré ni mo fẹ́. Mo máa gbé e han òyìnbó, mo máa dá a padà.”

“Ẹyọ ta ni?” ó bi mí.

Mo wò ó.

“Yàn án. Ìyá ta la fẹ́ pè padà sẹ́nu uṣẹ́?”

Mo jẹun lọ́dọ̀ rẹ̀, ata náà kúnná bí ìyẹ̀fun, àmọ́ n kò mọ adùn rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì mo tú okùn mi, mo kó èèkàn mi, n kò gbẹ́ síwájú mọ́. Mo ń wo àwọn òṣìṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń lu ihò wọn, inú ń bí mi sí wọn, inú ń bí mi sí òyìnbó, inú sì ń bí mi sí àwọn ìyá wa tó ti kú, tí wọn ò ní ibòmíràn tí wọ́n máa sin òkúta sí.

Ọjọ́ náà pé. Ọkọ̀ akẹ́rù gbé ẹ̀tù dé láti Ìkàrẹ́. Wọ́n rọ ọ́ sínú ihò, wọ́n fi amọ̀ dí i lẹ́nu, okùn tí wọ́n máa fi iná sí yọ jáde nínú ihò kọ̀ọ̀kan bí ìrù eku. Wọ́n ri àsíá pupa mọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà. Jíìpù ọ̀gá mi dé, eruku ti bo ojú rẹ̀.

“Kí lo rí?” ó bi mí.

“Àpáàdì àti èédú, sà.”

“Ọmọ ọlọ ńkọ́?”

Abẹ́ bàtà rẹ̀ gan-an ni wọ́n wà. Bí mo bá ní kí wọ́n fún mi ní ṣọ́bìrì, ká tó tutọ́ kó gbẹ ni mo máa ti kàn wọ́n. Mo ní, “N kò gbé ọ̀kan jáde, sà.”

Ó mi orí sí ọ̀gá òṣìṣẹ́ ọ̀nà pé kó máa bá tirẹ̀ lọ. Ọkùnrin náà kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Ó tu orógbó ẹnu rẹ̀ dànù, ó fọn fèrè kí gbogbo ènìyàn jìnnà, ó sì fa ìṣáná yọ. A ti ń padà sẹ́yìn nígbà tí mo rí wọn. Ìyá mi àgbà ló ṣáájú, ó ru nǹkan tó fi aṣọ dì, àwọn obìnrin yòókù tò tẹ̀lé e.

Ọ̀gá òṣìṣẹ́ pariwo, “Ẹ̀yin ìyá, ẹ dúró síbẹ̀! Ẹ̀tù ti wà nínú rẹ̀!”

Wọn ò dúró. Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ àsíá pupa kọjá bí ẹni pé aṣọ ni ẹnìkan sá síbẹ̀. Ọkùnrin náà fi ìṣáná rẹ̀ sí àpò, ó tún fọwọ́ tẹ àpò náà mọ́ra. Ìyá mi àgbà gun àpáta, ó fi ẹsẹ̀ tí orúnkún rẹ̀ ń dùn ún ṣáájú, ó ń gbé ẹsẹ̀ sí àárín àwọn okùn ẹ̀tù yẹn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo sáré gòkè tọ̀ ọ́. Ó ti sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, ó ti tú u. Ọmọ ọlọ rẹ̀ ni.

“Yèyé,” mo ní, “ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é.”

“Kúrò níwájú mi, kí òyìnbó lè ríran,” ó ní.

Kò wá ojú ọlọ rẹ̀ kiri. Ó kọjá lára ọ̀pọ̀, ó lọ bá ọ̀kan létí àpáta, ó fi etí aṣọ gbá ewé gbígbẹ inú rẹ̀ dànù, ó gbé òkúta náà sí i. Ó bọ́ sí i gẹ́lẹ́. Ó tú ọkà bàbà tó dì sí ìṣẹ́tí aṣọ, ó dà á síbẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ̀ ọ́. Ìró rẹ̀ kò le, ó ń lọ ó ń bọ̀, ìyẹ̀fun sì ń jáde. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn obìnrin yòókù tú gèlè wọn, wọ́n fi kọ́ èjìká, wọ́n kẹ̀yìn sí i. Èmi mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Òkú ni wọ́n ń sin.

Ọ̀gá mi gòkè wá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí àpáta kí ojú rẹ̀ lè bá ti òkúta dọ́gba. Ó ní kí n bá òun bẹ̀ ẹ́, kó jẹ́ kí òun dì í mú. Ìyá àgbà gbé ọwọ́ kúrò. Ọ̀gá mi gbé òkúta náà sí ojú ọlọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń mì. Ó gbé e sí òmíràn, ó há. Ó dá a padà sí tirẹ̀, ó bọ́ sí i. Ó jókòó sórí àpáta, ó bọ́ fìlà.

“Omi kọ́,” ó ní.

Ó sọ̀rọ̀ fún ọ̀gá òṣìṣẹ́ ọ̀nà, ọ̀rọ̀ náà gùn díẹ̀, wọ́n nawọ́ síbí, wọ́n nawọ́ sọ́hùn-ún. Nígbà tó yá àwọn ará Àjọwá àti Arigidi bẹ̀rẹ̀ sí í fa okùn ẹ̀tù jáde ní pẹ̀lẹ́, wọ́n tún da omi sí ihò. Bí ẹ bá gba ọ̀nà Ìkàrẹ́ lọ sí Ọ̀kà, tí ẹ dé ibi kan tó wọ́ láìnídìí, ìdí rẹ̀ nìyẹn.

Mo rò pé ó ti tán. Ọ̀gá mi bá yí sí mi, inú rẹ̀ dùn gan-an, ó ní kí n fi aṣọ wé òkúta náà, kí n gbé e sínú jíìpù, Èkó ni òun ń gbé e lọ.

“Kí ló wí?” ìyá àgbà bi mí. Ó ti rí bí ojú mi ṣe yí padà.

N kò sọ rárá fún òyìnbó rí, ọ̀gá tó gbà mí síṣẹ́ sì ni. Mo ní, “Rárá, sà.” Ó ní kí ni mo sọ. Mo tún un sọ. Mo ní ohun tí obìnrin yìí ṣe, òkú ara rẹ̀ ló fi sin, kò sì sí ẹni tó máa gbé e níbẹ̀ lójú mi. Mo lérò pé mo ti pàdánù iṣẹ́ náà. Ọ̀gá mi wá béèrè bóyá òun lè ya fọ́tò òkúta náà. Ìyá àgbà ní kó yà á, kó sáà má ya ojú òun.

Lẹ́yìn fọ́tò, ìyá àgbà fọwọ́ ara rẹ̀ dojú òkúta náà dé. Àwọn obìnrin sọ ohun tí wọ́n máa ń sọ, pé ó tó, ó ti lọ̀ ọ́ tán, òun náà sì dúró láàárín wọn ó ń gbọ́. Ihò tí mo gbẹ́ ni wọ́n sin ín sí. Èmi ni mo da yẹ̀pẹ̀ bò ó.

Ìyá àgbà ṣì pẹ́ láyé lẹ́yìn náà. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló ń dáná fún un, obìnrin dáadáa tó mọ ìyá ọkọ í tọ́jú. Gbogbo ìgbà tí mo bá yà kí i, á tọ́ ọbẹ̀ wò, á ní, “Ata yìí ò kúnná,” á ti àwo sẹ́yìn díẹ̀. Bí ó bá sì ti gbọ́ ìró ọlọ lẹ́yìnkùlé, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì á máa lọ, á máa bọ̀ lórí itan. Ó máa ń dùn mí débi pé n kò lè wò ó.

Ní ọjọ́ kan mo bọ́ bàtà, mo ká ṣòkòtò, mo lọ kúnlẹ̀ sídìí ọlọ fúnra mi. Àwọn obìnrin agboolé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, pé òṣìṣẹ́ ìjọba ń lọ ata. Ìyá àgbà ní kí wọ́n gbé àpótí òun sún mọ́ mi. Ó ní kí n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí n má fi èjìká ṣe é, kí n fi ìbàdí. Mo lọ̀ ọ́ títí apá mi fi kú, ata ti wọ ojú mi. Mo bu díẹ̀ fún un lórí ìka. Ó tọ́ ọ wò, ó pa ojú dé.

“Tún un lọ̀,” ó ní. “O ti ń mọ̀ ọ́n bọ̀.”